Kẹ̀kẹ́ Wo Ni?
Bí a bá ní kí ìyá tí ń rànwú láyé àtijọ́ ya kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ òwú ni yóò yà. Bàbá àgbà yóò ya kẹ̀kẹ́ ológeere ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ọmọ Èkó òde òní ńkọ́? Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, tí a fi Buba Marwa, alákòóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, sọ lórúkọ. Gbogbo wọn ń yí. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà sì ń bá wọn yí.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ka ìtàn Èlíjà àti kẹ̀kẹ́ iná, ẹ má ṣe ro Márúwá. Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: kí ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ lẹ́nu ẹni tí ó kọ ọ́?