Oògùn Ara-Ríro àti Lílù Ọkàn

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àwọn oògùn ara-ríro tí agbára wọn ju Panadol lọ fíìfíì: tramadol, codeine àti ẹgbẹ́ wọn. Ẹlòmíì ń lò wọ́n nítorí ẹ̀yìn ríro, àwọn alábàárù ń lò wọ́n kí wọ́n lè rù pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine àti kíkó o wọlé. Nínú ilé-iṣẹ́ apoògùn mẹ́ta tí NAFDAC tì pa fúngbà díẹ̀ lọ́dún náà, méjì wà ní Ìlọrin níbí. Ìwádìí tí UNODC gbé jáde ní 2019 sọ pé mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà ló ṣi irú oògùn yìí lò láàárín ọdún kan.

Kí ló ń ṣe ọkàn?

Lẹ́yìn tí ọkàn bá lù lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀ kó tó lè tún lù, bí alábàárù ṣe ń mí kanlẹ̀ kó tó ru ẹrù mìíràn. Bí tramadol bá pọ̀ jù lára, ìsinmi yẹn lè gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọkàn bá wá lù nígbà tí kò tíì ṣetán, lílù rẹ̀ lè dàrú: á máa gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ, ẹni náà á ṣubú lulẹ̀. Kódà Imodium tí à ń lò fún ìgbẹ́ gbuuru, ẹbí wọn ni. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àlòjù rẹ̀ lè da ọkàn rú títí dójú ikú.

Ọ̀nà kejì ni èémí. Gbogbo wọn ló ń dín èémí kù. Ọkàn tí kò rí afẹ́fẹ́ á rọra máa lù, á sì dákẹ́.

Ohun tó ń dá kún ewu

1. Àlòjù. Dókítà kì í sábà jẹ́ kí àgbàlagbà lo ju 400 mílígíráàmù tramadol lọ lóòjọ́. Hóró 225 méjì péré ti di 450. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣírò owó ọjà.

2. Àdàpọ̀. Chloroquine, quinine àti erythromycin náà máa ń fa ìsinmi ọkàn gùn. Ẹ má gba oògùn oríṣiríṣi tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá kan láìmọ orúkọ wọn.

3. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀. Wọ́n ń gbọ́n iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù dáadáa dànù.

4. Ọtí àti oògùn oorun. Wọ́n ń pa èémí pọ̀ ni.

Bí ẹ bá rí àmì yìí

Bí àyà bá ń já, tí òòyì ń kọ́ni, tàbí tẹ́nìkan dákú lójijì, tàbí tó sùn tí kò ṣeé jí, tó ń mí lọ́ra, tí ètè rẹ̀ dà bí aró, ẹ má pè é ní àárẹ̀ ọjà. Bó bá ṣì ń mí, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má rọ epo, mílíìkì tàbí Coca-Cola sí i lẹ́nu. Bí kò bá mí mọ́, ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ léraléra, kí ẹnìkan wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Ẹ mú páálí oògùn náà dání. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ naloxone, tó ń dá èémí padà bí ẹ bá tètè dé.

Ẹni tí dókítà kọ oògùn yìí fún, kó lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó sì sọ gbogbo oògùn mìíràn tó ń lò. Ẹni tó ti mọ́ lára, kó má dá a dúró lójijì. Kó lọ bá dókítà láìtijú. Kí àwa náà má bú u.

Ara la fi ń pa owó. Ẹ ka èyí fún alábàárù yín o. Ọjà á tà!