Ta Ló Fún Yín Níjó?

Ìsẹ́yìn ni mo ti lo ìsinmi wa tó kọjá, mo sì bá ẹgbẹ́ oníjó kan ṣe níbẹ̀. Orí fóònù la ti kọ́ ijó ìgbàlódé kan. A wò ó títí ó fi mọ́ wa lára, a fi aṣọ òkè jó o, a sì gbé e lọ sí Ṣakí, níbi tí àwọn èèyàn ti sanwó wò ó. Kò pẹ́ tí fídíò tiwa náà fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ṣẹ̀dá ijó náà. Wọ́n pè wá. Wọn ò bú wa, wọ́n kàn ní, "Ta ló fún yín?"

"Ijó kì í kúkú ṣe ìwé," ni olórí wa ń tẹnu mọ́. Mo lọ wo òfin. Àṣé iṣẹ́ lítíréṣọ̀ gan-an ni òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá Nàìjíríà ka ijó tí èèyàn ṣètò sí! Bí ètò náà bá ti wà lákọsílẹ̀ tàbí nínú fídíò, ó ní olówó, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Ẹsẹ̀ bàtá tí gbogbo ìlú ń jó kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ẹnì kan ṣe tò ó ni tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó là mí lójú jù wà ní Toubab Dialaw ní Senegal, nílé ẹ̀kọ́ ijó École des Sables. Germaine Acogny, tí wọ́n bí ní Benin, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn oníjó láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 14 ti kọ́ The Rite of Spring, ijó tí Pina Bausch ṣe ní Jámánì ní 1975. Bausch ti kú láti 2009. Pina Bausch Foundation ló ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò kàn fi fídíò ránṣẹ́. Àwọn tó ti jó o rí nínú ẹgbẹ́ Bausch ló wá kọ́ wọn, lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kòrónà dá ìfihàn dúró ní oṣù Kẹta 2020, wọ́n sì jó o lórí iyanrìn etí òkun kí wọ́n tó túká. Ọdún 2021 ni wọ́n tó gbé e dé orí ìtàgé, ní Madrid. Orin Stravinsky inú rẹ̀ tún ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: ẹ má fi ìyọ̀ǹda ijó ṣe ti orin.

Bí a ṣe kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n nìyẹn: iye ìgbà tí a fẹ́ jó o, ibi tí a ó ti jó o, owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí yóò kọ́ wa, àti bóyá a lè gé e kúrú. (Ẹ kọ ti fídíò sí i; ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.) Wọ́n gbà ká jó o lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, wọ́n gba owó díẹ̀, wọ́n sì wá sí Ìsẹ́yìn fún ọjọ́ méjì. Aṣọ òkè ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká bọ́. Ó ń bo orúnkún. Ẹsẹ̀ tí a sì rò pé fífò ni nínú fídíò, ṣíṣubú ni. Ẹnì kan wà lẹ́yìn, tí kámẹ́rà ò mú, tó ń gba oníjó náà mú.