Wárápá ni àbí ó kàn dákú? Ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè sọ

Èèyàn ṣubú lójijì, ara rẹ̀ gbọ̀n, kíá làwọn ará àdúgbò ti ní wárápá ni. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó kàn dákú náà lè gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ o: orúkọ wárápá lè ba ìgbéyàwó jẹ́, ó sì lè kó oògùn ọlọ́dún gbọọrọ sí èèyàn lọ́rùn.

Tí wárápá bá mú gbogbo ara, iṣan á fún pọ̀ kíkankíkan débi pé ọ́síjìn ò ní tó o. Lactate á wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ẹni tó dákú kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ lactate kì í pẹ́ lọ sílẹ̀, ó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí 2. Tíyẹn bá kọjá, ó ku creatine kinase tó ń jò látinú iṣan. Òun máa ń pẹ́ kó tó gòkè, ó lè di ọjọ́ kejì. (Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sínú iṣan náà lè gbé e sókè!)

Prolactin wá ńkọ́? Ó máa ń gòkè lẹ́yìn wárápá, ṣùgbọ́n ó lè gòkè lẹ́yìn dídákú náà, torí náà èmi ò ní fi í ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Tí àyẹ̀wò ò bá rí nǹkan kan, ìyẹn ò ní kó má jẹ́ wárápá. Dókítà ṣì máa béèrè: ṣé ó gé ahọ́n jẹ, ṣé ó pẹ́ kó tó mọ ibi tó wà? Wọ́n á yẹ ọkàn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo aago.