Ìwé, Bọ́ọ̀lù àti Orin: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Òbí Ọmọ Ilé-Ìwé Girama

Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:3-20, Ẹ́kísódù 31:1-6

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń da ilé púpọ̀ rú láàrin wa ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé. Ọmọ kan á ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, èkejì á ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé. Bàbá á ní, "Ṣé nítorí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe gbé ọ wá sí Amẹ́ríkà?" Ìyá á dákẹ́, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, tàbí kí ó má parí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ná. Wọn kò bẹ̀bẹ̀ kí a kó wọn lọ sí Bábílónì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n jókòó ti ìwé àti èdè àwọn ará Kálídíà. Wọn kò kọ ilé-ìwé náà. Oúnjẹ ọba ni wọ́n kọ̀, wọ́n sì mọ ohun tí ó wà nínú àwo kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi bẹ olùtọ́jú wọn pé kí ó dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí ni kì í wo inú àwo rárá. A kàn ń kọ̀, tàbí kí a kàn máa gbà, kí a sì fọwọ́ sí ìwé tí ọmọ bá gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú àwo náà. Largo High School, tí ó wà ní Largo Road níbí, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1970. Kìnnìún ni àmì àwọn eléré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí ibi iṣẹ́, ẹ kò sì yà síbẹ̀ rí àfi ìgbà tí wọ́n bá pè yín nítorí ẹjọ́ ọmọ. Nínú àwọn ilé-ìwé kauntì wa yìí, adúláwọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe irú kan náà: ọmọ àwọn tí bàbá ńlá wọn ti wà níhìn-ín láti ìgbà oko tábà, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Kamẹrúùnù, ọmọ Jàmáíkà, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí òbí wọn ti El Salvador wá. Ilẹ̀kùn tí gbogbo wọn ń gbà wọlé kò ṣàdédé ṣí. Ní 1972, ẹgbẹ́ NAACP pẹ̀lú àwọn òbí adúláwọ̀ pe ìgbìmọ̀ ilé-ìwé Prince George's lẹ́jọ́. Ní oṣù kìíní 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ káàkiri kí dúdú àti funfun lè jọ kẹ́kọ̀ọ́, ó sì di 1998 kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan láti fòpin sí ẹjọ́ náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní "akátà," kí ó rántí àwọn tí ó sanwó ẹnu ọ̀nà.

Ní ti ìwé, Maryland ní ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́dítì 21, ó kéré tán, kí ó tó gba dípúlómà: mẹ́rin nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta nínú sáyẹ́ǹsì, mẹ́ta nínú ìtàn àti ọ̀rọ̀ ìjọba, pẹ̀lú ìṣirò àti àwọn mìíràn. Ẹ wá gbọ́ èyí: ọ̀kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọnà, ìyẹn orin, ijó, àwòrán tàbí eré orí ìtàgé. Bàbá tí ó bá ní kí ọmọ òun má fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń sọ pé kí ó má jáde ilé-ìwé. Nínú Ẹ́kísódù, Ẹ̀mí Ọlọ́run ni ó fún Bẹ́sálẹ́lì ní ọgbọ́n láti gbẹ́ igi àti láti ṣiṣẹ́ wúrà. Àwa tí a ń na akọrin àti onílù lówó lọ́jọ́ ìkórè, ẹ jẹ́ kí ojú tì wá díẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀bùn rẹ̀ bá ga lè dán ara rẹ̀ wò fún ilé-ìwé Suitland, tí ó ní ẹ̀ka pàtàkì fún iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, kọ́lẹ́ẹ̀jì kauntì tí ó wà ní Largo níbí ni Academy of Health Sciences wà láti 2011, níbi tí ọmọ ti lè gba dípúlómà girama pẹ̀lú oyè kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì papọ̀. Ìgbà tí ọmọ bá wà ní kíláàsì kẹjọ ni a ń kọ̀wé béèrè, kì í ṣe ìgbà tí ó bá ti wọ girama tán.

Ní ti eré ìdárayá, ìwé àti bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ní kauntì wa, ọmọ tí èsì rẹ̀ kò bá tó 2.0 kò ní bá ilé-ìwé ṣeré ìdíje ní sáà náà. A mọ ọmọ tí ẹ̀rù kóòṣì mú kàwé nígbà tí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí mọ́. Ẹni tí ó bá sì ń retí kí yunifásítì fún òun ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré, ẹgbẹ́ NCAA ń béèrè iṣẹ́ ìwé pàtàkì 16. Fún ìpele àkọ́kọ́, 10 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kejìlá. Òbí tí ó bá jí ní kíláàsì kejìlá ti pẹ́. Victor Oladipo, tí ó dàgbà sí Upper Marlboro níbí, lọ sí DeMatha (ilé-ìwé Kátólíìkì nìyẹn, kì í ṣe ti ìjọba), ó parí ẹ̀kọ́ Indiana ní ọdún mẹ́ta, wọ́n sì mú un ṣe ẹnì kejì ní gbogbo Amẹ́ríkà nínú yíyàn NBA ti 2013. Ó tún gbé àwo orin jáde. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí ó jẹ wá lógún jù nìyí, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni a ń ṣe. Kí ọmọ tó lè bá ilé-ìwé ṣeré ìdíje, a gbọ́dọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò lọ́dọọdún, òbí á sì dáhùn ìbéèrè nínú fọ́ọ̀mù kan. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ nípa sickle cell, tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa fúnra wa kọ "Rárá" síbẹ̀. AS ni ọmọ wa, a sì mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí a ti bí i. A rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan ni AS. Ọjọ́ tí a bá ń wá ìyàwó ni àwa Yorùbá ń béèrè jínótáìpù. Ká má parọ́, ẹ̀rù tún bà wá kí wọ́n má baà ní kí ó jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, kóòṣì pè wá ní ibi iṣẹ́. Wọ́n ń sá eré àsápajúdé, ọmọ náà sì jókòó lójijì sórí pápá. Kò pariwo. Ó ní itan òun kò gbé òun mọ́. Kóòṣì dá a dúró, ó gbé e sí ibòji, ó pe 911, ó wá bi wá pé: "Ṣé ọmọ yín ní sickle cell trait?" Àwa tí a ń bi àwọn aláìsàn ní ìbéèrè yẹn lójoojúmọ́, ẹnu wa wúwo. A dáhùn nígbẹ̀yìn, ó sì sọ ọ́ fún àwọn tí ó gbé ọkọ̀ aláìsàn wá. Ọmọ wa sun oorun òru méjì ní ilé-ìwòsàn, omi ń wọ iṣan rẹ̀. Ọlọ́run yọ wá.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í ṣàìsàn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá sáré kọjá agbára láìsinmi, pàápàá nínú oòrùn tàbí láìmu omi tó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ká kọ́rọ́kọ́rọ́, kí ó dí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀, kí ẹran ara bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ìdọ̀tí rẹ̀ sì di kíndìnrín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi wé iṣan tí ó ń fani: iṣan tí ó ń fani á le gan-an, ọmọ á sì pariwo, ti AS, iṣan kò le, ọmọ á kàn rọ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè pè é ní ọ̀lẹ, kí ó ní kí ó dìde sáré sí i. Dale Lloyd, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì Rice ní Texas, kú báyìí ní 2006 lẹ́yìn ìdánrawò bọ́ọ̀lù. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí NCAA bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àyẹ̀wò yìí lọ́wọ́ àwọn eléré ìpele àkọ́kọ́ ní 2010.

Síbẹ̀, AS kì í ṣe ìdí láti fi ọmọ sílé. Ní 2016, àwọn oníwádìí ṣàyẹ̀wò nǹkan bí 48,000 sójà adúláwọ̀ Amẹ́ríkà: àwọn AS kò kú ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ewu kí ẹran ara wọn bàjẹ́ fi nǹkan bí ìdajì ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tí ó yẹ ni kí kóòṣì mọ̀. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa sinmi láàrin eré kan sí èkejì, kí ó mu omi, kí ó má sáré bí ibà bá ń ṣe é, kí ó sì ní àǹfààní láti dúró láìsí pé a fìyà jẹ ẹ́. Ọmọ SS ní tirẹ̀, dókítà rẹ̀ ni yóò sọ.

Ooru pàápàá ń pa ẹni tí kì í ṣe AS. Jordan McNair, ọmọ ọdún 19, ṣubú níbi ìdánrawò ní yunifásítì Maryland ní College Park lóṣù karùn-ún 2018, ó sì kú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Bí ara bá gbóná tí ọ̀rọ̀ ọmọ kò sì já gaara mọ́, ẹ tètè rì í sínú omi yìnyín kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé. Bí ó bá fi orí gbá, òfin Maryland láti 2011 ni pé kí ó kúrò lórí pápá, kí ó má padà títí oníṣègùn yóò fi kọ̀wé pé ara rẹ̀ ti dá.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ, àwa nọ́ọ̀sì ìjọ yóò jókòó sí yàrá ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi. Ẹ mú fọ́ọ̀mù ọmọ yín wá kí a jọ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọmọ tí a bí ní Maryland, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tí a bí i, ẹ lè béèrè èsì rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Èyí tí a bí nílé, ẹ má ṣe gbára lé káàdì jínótáìpù àtijọ́ nìkan. A ti rí èyí tí ó ṣì í. Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe rán ìyá ọmọ nìkan wá o.