Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Fẹ́ Wádìí Ọ̀nà Omi Nínú Ara

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ̀kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì lo fẹ́ kọ́, àti pé ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn ni bí omi ṣe ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tó sì ń jáde. O káre. Àwọn kan ní àdúgbò Challenge ní Ìlọrin níbí ń béèrè pé owó wo ló wà nínú ohun tí ojú kò rí. Má bá wọn jiyàn. Jókòó kí o gbọ́ tèmi, nítorí iṣẹ́ yìí ní òfin, ẹni tó bá sì rú u, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa fi ṣòfò.

1. Má ṣe da ohun tí o kò wá nù. Peter Agre, dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, kò wá ọ̀nà omi rárá. Purotéènì Rh ló ń wá, èyí tó ń mú kí wọ́n kọ O+ tàbí O− sára káàdì rẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1988, purotéènì kékeré kan ń bá a jáde ṣáá bí ìdọ̀tí. Aró tí gbogbo èèyàn fi ń wo purotéènì kò tilẹ̀ mú un dáadáa. Ẹlòmíràn ì bá fọ̀ ọ́ dànù kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Agre dúró tì í. Ó rí i pé ó tó nǹkan bí 200,000 lára sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo, ó sì tún bá a nínú kíndìnrín. Ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wà lásán. Orí "ìdọ̀tí" yẹn ni wọ́n ti fún un ní Ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní 2003. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, D ló gbà nínú kẹ́mísìrì yìí kan náà. Nítorí náà, bí ìlà kan tí o kò retí bá yọ lójú iṣẹ́ rẹ, kọ ọ́ sínú ìwé, kọ déètì sí i, kí o sì béèrè ohun tó gbé e wá kí o tó pè é ní àṣìṣe.

2. Bí òye rẹ bá dópin, lọ bá ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Purotéènì wà lọ́wọ́ Agre, kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń bi àwọn àgbà léèrè kiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ John Parker, dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina. Parker gbọ́ pé sẹ́ẹ̀lì pupa àti kíndìnrín ló ń gbé, ó sì sọ fún un pé ó lè jẹ́ ọ̀nà omi tí àwọn onímọ̀ ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń tijú láti kan ilẹ̀kùn olùkọ́, tó wá ń fi ọdún méjì wá ohun tí olùkọ́ náà ì bá sọ fún un kí tíì tó tutù.

3. Má fi àbá ṣe ẹ̀rí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Parker, Agre àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú ẹyin àkèré, nítorí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà wọ inú rẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fún àwọn kan ní RNA tó máa jẹ́ kí wọ́n ṣe purotéènì náà, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní omi lásán. Wọ́n wá kó gbogbo wọn sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Àwọn tó ní purotéènì wú, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n bẹ́. Àwọn yòókù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Agre àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jó ijó ayọ̀. Wọ́n fi oògùn tó ní mẹ́kúrì dí ọ̀nà náà, wíwú náà dín kù. Wọ́n fi oògùn mìíràn borí mẹ́kúrì, ọ̀nà sì tún ṣí. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science, ní 1992. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Àwọn ẹyin tó gba omi lásán ni ẹlẹ́rìí rẹ: bí o bá fò wọ́n, kí ni wàá sọ fún ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ ló bẹ́ ẹyin rẹ?

4. Má ṣe mọ ọ̀nà láìmọ ẹni tó ń ṣí i àti ẹni tó ń tì í. Ibí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù. Kíndìnrín ń sẹ́ nǹkan bí lítà 180 omi láti inú ẹ̀jẹ̀ lóòjọ́, síbẹ̀ ìtọ̀ tí à ń tọ̀ sábà máa ń wà láàárín lítà kan sí méjì. Ìyókù padà sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù gba ọ̀nà tó máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo, èyí tí Agre rí, tí wọ́n ń pè ní AQP1. Díẹ̀ tó kù ní ìparí ni ara ń pinnu lé lórí, ọ̀nà omi mìíràn, AQP2, ló sì ń gbà.

Wo oṣù Ràmàdánì ní Ìlọrin níbí. Láti ìgbà sààrì títí di ìṣínu, èèyàn kò kan omi, oòrùn sì mú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ki, ọpọlọ á rán họ́mónù kan, vasopressin, sí kíndìnrín. Họ́mónù yìí á jí ìránṣẹ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní cAMP. Ìránṣẹ́ náà á mú kí wọ́n lẹ fọ́sífétì mọ́ AQP2, àwọn ọ̀nà omi tó ti wà nípamọ́ nínú àwọn àpò wẹ́wẹ́ á sì jáde wá sí ojú sẹ́ẹ̀lì. Omi á padà sára, ìtọ̀ á dín kù, á sì pọ́n. Bí o bá ti ṣínu tí o mu omi tẹ́rùn, họ́mónù á lọ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á kó ọ̀nà náà padà sí ìpamọ́. Oògùn lithium tí wọ́n ń fún àwọn kan tó ní àìsàn ọpọlọ máa ń dín AQP2 kù lára àwọn kan, wọn á wá máa tọ̀ ṣáá, òǹgbẹ á sì máa gbẹ wọ́n. Ọ̀nà wà lára wọn láti ìbí. Àṣẹ tó ń darí rẹ̀ ló bà jẹ́. Ẹni tó bá kọ́ nípa ọ̀nà nìkan kò lè tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

5. Múra sílẹ̀ de àìsí iná. RNA kì í bá èèyàn ṣeré: ohun tó ń jẹ ẹ́ run wà lára ìka ọwọ́ rẹ, nítorí náà wọ ìbọ̀wọ́, kí o sì jẹ́ kó wà nínú yìnyín. Mo ti rí iṣẹ́ oṣù mélòó kan tó bà jẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan torí pé wọ́n mú iná lọ, kò sì sẹ́ni tó bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Pín ohun rẹ sí fíríìsà méjì, ní ilé méjì.

6. Má kọ nọ́ńbà tí o kò rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹlòmíràn máa tún ìdánwò rẹ ṣe, kò sì ní bẹ̀ ọ́ kó tó sọ ohun tó rí.

7. Má rò pé òkè òkun nìkan ni iṣẹ́ gidi ti ń wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Redeemer's University ní Ẹdẹ ni onímọ̀ Christian Happi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú kòkòrò Kòrónà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga wà nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Bí ìwọ náà bá fẹ́ lọ sí òkè òkun, lọ, àmọ́ mú ìbéèrè ilé dání.

8. Jẹ́ kí ohun tí o kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ. Ní 2017, àrùn onígbáméjì jà ní ìpínlẹ̀ Kwara, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ nínú Ìlọrin níbí. Nígbà tí oṣù kẹfà fi parí, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka 1,558 èèyàn tí wọ́n fura sí pé ó mú; mọ́kànlá kú. Kí ni kòkòrò tó ń fa àrùn náà ń ṣe? Májèlé rẹ̀ ń gbé cAMP sókè nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun, kò sì jẹ́ kó wálẹ̀. Ìránṣẹ́ kan náà tó ń bá kíndìnrín tọ́jú omi ló wá ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, CFTR, sílẹ̀ gbayawu nínú ìfun. Kílóráìdì jáde, sódíọ̀mù tẹ̀ lé e, omi sì ń tú tẹ̀ lé wọn. Èèyàn lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà nínú ìfun tí májèlé náà kò lè bà jẹ́, èyí tó ń gbé sódíọ̀mù àti ṣúgà wọlé pọ̀, tí omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ìdí tí omi iyọ̀ àti ṣúgà fi ń gba ẹ̀mí là nìyẹn. Kọ́ ìyá náà: lítà kan omi tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ déédéé ẹnu ṣíbí. Bí ó bá rí ORS, ìyẹn àpò iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, ní kẹ́mísìtì, ìyẹn ló dára jù. Ó máa bi ọ́ ìdí tí iyọ̀ nìkan kò fi tó. Sọ fún un pé ilẹ̀kùn náà kì í ṣí fún iyọ̀ láìsí ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti pé bí iyọ̀ bá pọ̀ jù ó lè pa ọmọ lára. Bí ojú ọmọ bá ti jìn wọnú tàbí tí kò lè mumi mọ́, kí ó gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ó sì máa fún un mu lójú ọ̀nà bí ọmọ náà bá ṣì lè gbé e mì.