KÍ OHÙN GÌTÁ LÈ DÁ ṢÁKÁ

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 14:6-12

Olùfẹ́, bóyá ọmọ rẹ ni ó ń ta gìtá nínú ìjọ yín ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn. Ó ti yí gbogbo kókó orí pẹ́dálì tí ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀, síbẹ̀ ohùn gìtá ń mì bí ẹni pé okùn rẹ̀ kò bára mu. Àwọn akọrin kò mọ ibi tí wọn yóò ti gbé orin. Ìjọ ń wò ó, ojú sì ń tì í. Má tètè dá a lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé inú pẹ́dálì ni ọ̀ràn wà.

Wo ọ̀kan nínú wọn, Carbon Copy, tí MXR gbé jáde ní 2008. Gbohùngbohùn ni ó ń ṣe. Bí ohùn ti ń padà bọ̀ nígbà tí ènìyàn bá kígbe síwájú àpáta ńlá, irú èyí tí ó wà ní Àdó-Àwáyè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá ohùn gìtá padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Kókó mẹ́ta wà lóde: ọ̀kan fún bí ohùn yóò ti pẹ́ tó kí ó tó padà, ọ̀kan fún iye ìgbà tí yóò padà, ọ̀kan fún bí yóò ti ròkè tó. Bọ́tìnnì kékeré kan tún wà tí ń mú kí gbohùngbohùn náà máa mì. Ṣùgbọ́n bí yóò ti mì pọ̀ tó, àti bí yóò ti yára mì tó, inú ni a ti ń yí wọn.

Nítorí náà, kọ́kọ́ pa bọ́tìnnì náà. Bí mímì bá dúró, o ti rí ìdí ọ̀ràn. Bí o bá ṣì fẹ́ kí ó máa mì díẹ̀, yọ iná àti wáyà, kí o sì tú síkúrù mẹ́rin abẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, má ṣe tú u níta nínú eruku. Kí o tó yí ohunkóhun, sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí o lè dá a padà. Fi sikuru-díráfà kékeré yí ẹyọ kan, díẹ̀ péré. Má fi agbára yí i, nítorí ó ní òpin. Dé e, tan iná, gbọ́ ọ, kí o tó fọwọ́ kan èkejì.

Kì í ṣe gbogbo pẹ́dálì ni a ń tú wò bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, ilé iṣẹ́ ti fi ẹ̀rọ wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọn tó tà á. Ẹni tí ó bá yí i láìmọ̀ yóò bà á jẹ́. Bí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ ṣe èyí, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Onídùndún kì í dúró de ojú agbo kí ó tó wo ọsán ìlù rẹ̀.

Ohun ṣíṣe: Ta ni o ti bá wí nítorí ohun tí o rí lóde nìkan? Lọ bi í léèrè lónìí.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní sùúrù láti wá ìdí ọ̀ràn kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àmín.