Ẹ̀tọ́ Àgbẹ̀ Lórí Ọjà Tí Ó Fi Fóònù Rà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ní àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ra oògùn apakòkòrò ní Onitsha yóò wọ ọkọ̀ kọjá afárá Odò Ọya, yóò dé ìsọ̀, yóò gbé ike oògùn lọ́wọ́, yóò sì ka ohun tí a kọ sí i lára kí ó tó san owó. Lónìí, àwòrán ni ọlọ́jà fi ń ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Àgbẹ̀ yóò fi owó ránṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní Ìkirè tàbí Ṣakí, awakọ̀ yóò sì gbé páálí wá fún un ní ibùdókọ̀. Bí ohun tí ó wà nínú páálí náà kò bá jẹ́ ohun tí wọ́n jọ sọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí, nítorí pé ayédèrú oògùn lè sọ iṣẹ́ ọdún kan di asán.

A kò dárúkọ Onitsha láti ba ìlú náà lórúkọ jẹ́. Olóòótọ́ pọ̀ láàárín àwọn oníṣòwò ibẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni agbára ìjọba, àti ibi tí agbára náà mọ, ti hàn kedere. Ní ọdún 2007, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Anambra, ń darí àjọ NAFDAC, àjọ náà ti ọjà oògùn tí ó wà ní Bridge Head pa fún oṣù mélòó kan nítorí ayédèrú oògùn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ yìí kan náà tún padà lọ ti ọjà oògùn Onitsha pa, pẹ̀lú ti Ìdúmọ̀tà ní Èkó àti ti Aba. Ìjọba lè fi àgádágodo ti ìsọ̀. Kò sí àgádágodo tí a lè fi ti fóònù. Nítorí náà, ó di dandan kí àgbẹ̀ mọ ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Òfin rere ni. Bí ẹ bá ra rédíò tàbí àtùpà tí ń lo oòrùn fún ilé yín láìrí i sójú, tí kò sì bá àpèjúwe tí wọ́n ṣe fún yín mu nígbà tí ó dé, ẹ lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tí ó bójú mu, kí ẹ sì gba gbogbo owó yín padà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àlàyé tí à ń gbọ́ máa ń fò ó: òfin náà kò ka ẹni tí ó ra nǹkan láti fi pèsè ọjà mìíràn tí yóò tà mọ́ òǹrajà tí ó ń dáàbò bò. Oògùn tí a fẹ́ fín sí kòkó títà lè bọ́ sí abẹ́ ìyẹn, agbẹjọ́rò ọlọ́jà kò sì ní gbàgbé láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ ìrètí nù. Òfin ọjà títà tí ó ti wà láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí a gbé ka òfin wọn ti ọdún 1893, kò yọ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí ọlọ́jà mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ó hàn pé ìmọ̀ rẹ̀ ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ọjà náà gbọ́dọ̀ yẹ fún iṣẹ́ náà. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún ọjà nìkan ni ẹ fi béèrè rẹ̀, ẹ̀tọ́ kejì yìí lè bọ́ lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ páálí lágbájá kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Mo fẹ́ oògùn tí ó lè kápá àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú. Èwo ni ẹ rò pé ó yẹ?” Ẹ jẹ́ kí ó fèsì kí ẹ tó san owó. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀, kí ọmọ yín tí ó lọ sí ilé ìwé bá yín kọ ọ́.

Kíkọ ni a wí. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fi àyè gba ilé ẹjọ́ láti wo ohun tí ó ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wá, bí a bá tẹ̀lé ìlànà tí ó là sílẹ̀. Ẹ má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ san títí ẹ ó fi kórè.

Nígbà tí páálí bá dé, ibùdókọ̀ gan-an ni kí ẹ ti tú u, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀. Òfin fún yín ní àyè àtiyẹ ọjà wò kí a tó lè sọ pé ẹ ti gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pò ó mọ́ omi tí ẹ sì fín in, ẹ ti gbà á nìyẹn. Ẹ kò lè dá a padà mọ́. Owó gbà-má-bínú nìkan ni ó kù tí ẹ lè béèrè, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ a sì máa pẹ́. Bí ẹ bá rí orúkọ paraquat lára ike, ẹ má tilẹ̀ ṣí i: NAFDAC ti fi òfin de oògùn náà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024.

Ọlọ́jà kò nílò nọ́ńbà BVN tàbí NIN yín kí ó tó ta oògùn fún yín. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, kò jẹ́ kí a gbà ju ohun tí iṣẹ́ béèrè lọ lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ó bá ta kú, ẹ wá ìsọ̀ mìíràn lọ.

Bí aáwọ̀ bá dé, ọlọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹ kọ ọjà rẹ̀. Ti ohun èlò ilé, ẹ fi ẹjọ́ sùn FCCPC. Ti ayédèrú oògùn, ìbáà ṣe ti ènìyàn, ti ẹran ọ̀sìn tàbí ti oko, ọ́fíìsì NAFDAC ní ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ gbé ike náà lọ bí ó ti wà, pẹ̀lú ìyókù oògùn inú rẹ̀. Ẹ má ṣe dà á sódò, ẹ má sì ṣe fọ ike náà fi rọ epo.